Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin onímọ̀ ẹ̀rọ yunifásítì wa: ẹ wá wọn iná abẹ́ agbada gàrí

Sí ẹ̀yin Ọ̀jọ̀gbọ́n, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Ìbàdàn, Ifẹ̀, Àkúrẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Abẹ́òkúta, Èkó àti Ìlọrin,

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ kú ìfaradà iná mànàmáná tó ń ṣẹ́jú, ẹ sì kú sùúrù owó ìwádìí tí kì í tètè jáde. Jórinjórin ni mí. Agbada gàrí, àdìrò onígi, ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ àti férémù jáákì tí a fi ń fún omi ẹ̀gẹ́ jáde ni iṣẹ́ ọwọ́ mi, mo sì ti ka ìwé díẹ̀ ní politẹ́kíníìkì kí n tó gba irin mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wá iṣẹ́ ìwádìí yín kà, tí mo sì ń fọkàn bá a lọ títí dé ìlà tó kẹ́yìn. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo mú wá. Ẹ jẹ́ kí ìwádìí yín lórí iná, omi, irin àti oòrùn dé ahéré tí wọ́n ti ń yan gàrí. Ẹ wọn nǹkan níbẹ̀, kí ẹ sì padà wá sọ ohun tí ẹ rí fún àwọn tó ni ahéré náà, kí ẹ tó kà á sí iṣẹ́ tó ti parí.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ gàrí. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ láyé, kò sì sí ìlú kan láti Ìjẹ̀bú títí dé Òkè-Ògùn tí iná kò tíì jó lábẹ́ agbada lónìí. Gbogbo ohun tí ẹ pín sí ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́dọ̀ yín ló pàdé lábẹ́ òrùlé páànù kan ṣoṣo yẹn. Igi ń jó, ooru ń gba irin kọjá, omi ń fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, èéfín ń wá ọ̀nà àbáyọ, omi tí jáákì fún jáde ń ṣàn wọ ilẹ̀. Ẹ kò ní yàrá ìwádìí tó kún tó bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà yín.

Àwọn tó ń ṣèwádìí lórí àdìrò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara iná. Èmi rò pé omi ló yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀.

Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ tí gbogbo ayé ń lò, sọ nípa gàrí pé kí omi inú rẹ̀ má ju ìdá 12 nínú 100 lọ. Ẹ̀gẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ jáákì, tí a fẹ́ sẹ́ kí a sì yan, sábà máa ń ní omi tó tó ìdajì ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kí a tó rí gàrí kílò 1, a ó da ẹ̀gẹ́ fífún kílò 1.76 sínú agbada, iná yóò sì lé omi kílò 0.76 jáde lára rẹ̀. Kílò omi kan ń gba ooru tó tó nǹkan bí kilojoule 2,260 (kilojoule ni wọ́n fi ń wọn ooru) kó tó di oru. Bí a bá fi ooru tí yóò kọ́kọ́ mú ẹ̀gẹ́ náà gbóná kún un, gbogbo rẹ̀ kò ní ju nǹkan bí kilojoule 2,100 lọ fún gàrí kílò 1. Igi tó gbẹ dáadáa ní nǹkan bí kilojoule 18,000 nínú kílò kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé, lórí ìwé, igi tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju gíráàmù 120 lọ ti tó láti yan gàrí kílò kan. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá kan tó ń yan gàrí, ẹ ó rí i bí yóò ṣe wo òkìtì igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí yóò sì tún wò yín.

Ibo ni ìyókù igi náà ń lọ? Ìṣirò orí ìwé lásán ni tèmi yìí. Òṣùwọ̀n tòótọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ gbé wá sí ahéré, kí a mọ èyí tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ, èyí tó ń wọ ilẹ̀, èyí tí amọ̀ ìdáná ń gbé mì, àti èyí tó ń di èéfín.

Ẹ tún wo nǹkan kan kí a tó kúrò níbẹ̀. Bí jáákì bá lè fún ẹ̀gẹ́ náà títí omi rẹ̀ yóò fi wálẹ̀ sí ìdá 40 nínú 100, omi tí iná yóò lé fún gàrí kílò 1 kò ní jẹ́ 0.76 mọ́. Yóò di nǹkan bí 0.47. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ iná tó ti kúrò nílẹ̀, a kò sì tíì fọwọ́ kan àdìrò rárá. Mo ti rí iṣẹ́ àṣekágbá lórí àdìrò onígi tó pọ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dára. Èyí tó yẹ bí omi ṣe ń jáde nínú àpò ẹ̀gẹ́ wò fínnífínní ló ṣọ̀wọ́n lójú mi. Bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ ni owó igi wà.

Ẹ̀yin náà mọ òfin tó wà nídìí rẹ̀. Ní 1856, ẹnjiníà ará Faransé kan, Henry Darcy, tó ṣètò omi ẹ̀rọ fún ìlú Dijon, tẹ ìwé jáde nípa bí omi ṣe ń gba inú iyanrìn kọjá. Bí iyanrìn bá ṣe nípọn tó ni omi ṣe ń lọ́ra tó. Ẹ̀gẹ́ rírin nínú àpò kò yàtọ̀ sí iyanrìn Darcy, àfi pé ó ń sún mọ́ra sí i bí a ti ń tẹ̀ ẹ́. Bí a bá sì bá ìṣirò náà dé òpin, ohun tó ń sọ ni pé bí àpò bá nípọn ní ìlọ́po méjì, àsìkò tí omi yóò fi jáde yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ohun tí gbogbo wa ń ṣe ni pé kí a di àpò kún bámúbámú, kí a to mẹ́ta mẹ́rin lé ara wọn, kí a sì máa wé jáákì mọ́lẹ̀ títí ọwọ́ yóò fi bó. Àwọn oníbàárà mi ń bẹ̀ mí fún jáákì tó tóbi sí i. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àpò pelebe ni wọ́n nílò, pẹ̀lú pákó tí a dá ihò sí lára láàárín àpò kan sí èkejì. Ẹ wá bá wa dán an wò, ẹ fi aago sí i, ẹ fi òṣùwọ̀n sí i.

Ó ní ibi tó yẹ ká dúró ṣá o. Ẹ̀gẹ́ tó bá gbẹ jù kó tó wọ agbada kò ní jinná dénú, gàrí rẹ̀ yóò máa kù bí ìyẹ̀fun, kò sì ní wú nínú omi. Èyí tó bá rin jù yóò di ìṣù. Àwọn ìyá wa ń fi ọwọ́ mọ ọ̀n. Wọ́n á bu ú, wọ́n á fún un nínú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á ní ó tó tàbí kò tó. Nọ́ńbà wo ló wà nínú àtẹ́lẹwọ́ yẹn? Ṣé bákan náà ló rí fún gàrí Ìjẹ̀bú tó ti kan fún ọjọ́ bíi mélòó kan àti fún èyí tí a yan ní ọjọ́ kejì tí a rin ín? Akẹ́kọ̀ọ́ máàsítà kan lè rí ìdáhùn sí èyí láàárín ọdún kan, kò sì ní gba ẹ̀rọ olówó ńlá kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá kan iná. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwádìí ń tọ́ka sí ni pé ààrò olókùúta mẹ́ta kì í fi ju ìdá 10 sí 15 nínú 100 ooru igi sínú ìkòkò. Ẹni tó ra igi ₦1,000, ó lé ní ₦800 tó fi ń yá ojú ọ̀run gbóná. Èéfín tó ń ta wá lójú yẹn, igi tí kò jó tán ni. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára igi fẹ́ ooru tó tó nǹkan bí 600°C, ó fẹ́ atẹ́gùn tó tó, ó sì fẹ́ àyè díẹ̀ kó tó jó pátá. Agbada gàrí fẹ̀, ó sì lọ sílẹ̀, ẹ̀gẹ́ tútù sì wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ iná kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀ tó fi kan ìsàlẹ̀ agbada, níbẹ̀ ni yóò ti tutù, tí yóò sì di èédú dúdú tí a ń fi ọ̀bẹ họ kúrò.

Láti àwọn ọdún 1980 tí Larry Winiarski ti ṣe àdìrò oníhò róbótó tó ń pè ní rocket ní Oregon, Amẹ́ríkà, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kárí ayé ti ń tún un ṣe. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìdánwò tí ẹ fi ń yẹ̀ ẹ́ wò sábà máa ń jẹ́ kí ẹ gbé ìkòkò omi kaná kí ẹ sì wo ìgbà tí yóò hó. Ta ló ń jókòó ti ìkòkò omi? Ẹni tó ń yan gàrí kò lè dìde. Ó ń fi igbá tẹ̀ ẹ́, ó ń rò ó, ó ń yí i padà, bí ó bá ṣíwọ́ díẹ̀ gàrí ti jó nìyẹn. Ojú rẹ̀ wà lókè ibi tí èéfín ń gbà jáde, ọmọ sì lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdánwò tí kò bá wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ imú ẹni yẹn kò tíì dán àdìrò gàrí wò.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé èéfín inú ilé ló fa ikú ènìyàn mílíọ̀nù 3.2 ní 2020. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ń rò pé irú ìwádìí tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún yìí kò ṣeé ṣe níbí, kó wo ohun tí àwọn oníṣègùn kan ṣe ní Ìbàdàn. Wọ́n mú aláboyún 324 tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún apá kan ní àdìrò tó ń lo ethanol, ìyẹn ọtí ìdáná, apá kejì ń bá ohun tó ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Èsì tó jáde ní 2017 fi hàn pé nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nínú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kéré sí i lára àwọn tó gba àdìrò tuntun. Ara ènìyàn ni wọ́n fi wọn àdìrò. Mo fẹ́ kí onímọ̀ ẹ̀rọ kan bá irú wọn ṣọ̀rẹ́, kí wọ́n jọ lọ sí ahéré gàrí.

Nípa ọ̀pá èéfín, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi, torí èmi ni mo ń jó o mọ́ ìdáná. Ọ̀pá tó ga ní mítà 3, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbóná dé 200°C, agbára tó fi ń fa èéfín sókè kò ju nǹkan bí Pascal 12 lọ (Pascal ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan tó). Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ń tẹ̀ wá ní nǹkan bí Pascal 101,000. Ẹ rí i pé agbára ìfà náà kéré jọjọ. Kọ́nà kan tó ká jù, èédú tó dì mọ́ inú ọ̀pá, tàbí ìjì tó ń fẹ́ sí ẹnu rẹ̀, ti tó láti dá èéfín padà sójú ìyá tó jókòó. Afẹ́fẹ́ òjò ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn wá, ti ọyẹ́ ń ti àríwá ìlà oòrùn wá. Àdìrò tí ẹ dán wò ní oṣù Ṣẹẹrẹ nìkan, apá kan ọdún lẹ dán wò, igi tó gbẹ jù lọ lẹ sì lò. Ẹ padà wá ní oṣù Agẹmọ, nígbà tí igi ti mumi yó, kí ẹ rí i.

Lórí irin, n kò ní pẹ́. Páànù dúdú lásán la fi ń rọ agbada, torí òun ni àpò oníbàárà ká. Bí iná bá pa á tó nǹkan bí 600°C, ó ń hó èèpo, èèpo yẹn a sì bọ́. Páànù tí a fi ìṣó lu fún ìrin ẹ̀gẹ́ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀gẹ́ kíkan ń jẹ irin, ìpẹtà rẹ̀ sì ń bá gàrí lọ sínú àwo. Stainless, irin tí kì í tètè dípẹtà, ni ìdáhùn tí gbogbo ìwé ń fún wa. A mọ̀. Ohun tí a kò rí kà ni bí páànù onírúurú ìnípọn ṣe ń pẹ́ tó lábẹ́ iná gàrí gan-an, kí èmi àti oníbàárà lè jókòó ṣírò bóyá èyí tó wọ́n yóò san owó ara rẹ̀ padà. Nípa ìdáná fúnra rẹ̀, amọ̀ tí a pò mọ́ ìyẹ̀fun pákó, tí a sì sun, máa ń ní ihò wẹ́wẹ́ nínú, kì í sì í gbé ooru mì bí amọ̀ tó ki. Àwọn amọ̀kòkò wà ní Ìpetumodù, kò jìnnà sí ẹ̀yin ará Ifẹ̀ rárá. Àwọn mìíràn wà ní Dada, láàárín Ìlọrin. Ẹ̀kọ́ ọwọ́ wọn ti dàgbà ju yunifásítì èyíkéyìí nínú tiyín lọ. Ẹ lọ bá wọn.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò ní, kí ló dé tí a kò kúkú lo oòrùn? Èmi kò gbà pé ti gàrí ni. Gàrí ní láti jinná nínú agbada, oòrùn tó ń gbẹ nǹkan kò lè sè é. Ṣùgbọ́n elúbọ́ àti làfún ń kú lọ fún ìwádìí yín! Ní ọjọ́ tó mọ́lẹ̀ dáadáa, oòrùn tó ń bọ́ sórí mítà kan níbùú lóròó nílẹ̀ wa lè tó kilowatt-wákàtí 5. Ooru inú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti igi gbígbẹ kílò 1, láìná kọ́bọ̀. Títí di ìsinsìnyí, orí ọ̀dà títì àti orí àpáta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá elúbọ́ sí ní Òkè-Ògùn, kí ewúrẹ́ àti èéfín ọkọ̀ jọ pín in. Ilé ìwádìí ìjọba lórí irè oko tó wà ní Ìlọrin, tí wọ́n ń pè ní NSPRI, ti ṣe ẹ̀rọ ìgbẹ́ǹkan onóòrùn tó ṣeé lò. Mélòó nínú yín ló ti bá wọn lọ wo bó ṣe ń ṣe sí nígbà òjò?

Oòrùn tún lè fa omi. Ahéré gàrí ń mu omi púpọ̀ fún ẹ̀gẹ́ fífọ̀, páńẹ́lì sólà sì lè wa póm̀pù ní ọ̀sán láìsí bátìrì, bí táǹkì bá ti tóbi tó láti gba omi alẹ́ pamọ́. Àwọn tó ń tò ó fún wa kò gba ẹ̀kọ́ kankan lọ́dọ̀ yín, ó sì ń hàn. Wọ́n ń dì páńẹ́lì mọ́ páànù òrùlé gbọingbọin. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn páńẹ́lì, 25°C ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Bí ó bá gbóná dé 60°C lórí òrùlé, ó lè pàdánù tó ìdá 14 nínú 100 agbára rẹ̀, àyè afẹ́fẹ́ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ì bá sì dín in kù. Ọ̀pá omi náà ńkọ́? Bí a bá sọ ọ̀pá oní-ínṣì 2 di oní-ínṣì 1, tí omi kan náà sì gbọ́dọ̀ gbà á kọjá, agbára tí yóò ṣòfò nínú rẹ̀ yóò di nǹkan bí ìlọ́po 32. Púlọ́ńbà tó ń ra ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kí owó lè ṣẹ́kù kò tíì gbọ́ èyí rí. Ojú ìwé kan pẹ̀lú àwòrán ni yóò gbà.

Omi tí jáákì fún jáde ni ọ̀rọ̀ tí n kò lè fò. Oró sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ ń bá a jáde, koríko kì í hù dáadáa ní ojú ọ̀nà rẹ̀, kànga sì máa ń wà nítòsí. Omi yìí kan náà ní sítáàṣì tí kòkòrò àìfojúrí lè sọ di gáàsì ìdáná. Èrò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Ìbàdàn. Ní 2005, iṣẹ́ kan tó fẹ́ sọ ìdọ̀tí ilé ìpẹran Bódìjà di gáàsì gba àmì ẹ̀yẹ SEED lágbàáyé. Ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí ní ìdọ̀tí omi láàárọ̀, ó sì nílò iná láàárọ̀ kan náà. Èwo nínú yín ni yóò so méjèèjì pọ̀? Ó lè má tó fún gbogbo agbada. Bó bá tó fún ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ sọ fún wa pé ìdá kan nínú mẹ́rin ni.

Ayọ̀délé Awójọbí, ọmọ tí wọ́n bí ní Ọ̀ṣódì ní 1937, ka ìwé ẹ̀rọ dé òpin ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó, ó yí ọkọ̀ Opel ara rẹ̀ padà kí ọwọ́ ìwakọ̀ rẹ̀ lè kúrò lọ́tùn-ún bọ́ sí òsì, ó sì kan ọkọ̀ Autonov 1 tó ń lo gbogbo jíà rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ìṣirò rẹ̀ lórí bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ̀n wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n gíríìsì wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Irú rẹ̀ ṣì wà láàárín yín. Mo mọ ohun tó ń dí yín lọ́wọ́. Ìwé tó jáde nílẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ń ka ìgbéga, kò sẹ́ni tó ń bi yín pé agbada mélòó ló yí padà ní Ìwó. Ẹ̀yin tó ń pín owó TETFund, àpò owó ìjọba fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o: ẹ lè sọ ọ́ di òfin pé ìwádìí tó bá jẹ mọ́ ìdáná, omi tàbí ìgbẹ́ǹkan kò ní gba ìdá ìkẹyìn owó rẹ̀ títí olùṣèwádìí yóò fi padà síbi tó gbé ohun tó ṣe sí, lẹ́yìn ọdún kan, tí yóò sì kọ bóyá wọ́n ṣì ń lò ó tàbí wọ́n ti sọ ọ́ di ibùsùn adìyẹ.

Kí ẹ sì kọ èyí tó kùnà pẹ̀lú. Ẹni tó bá jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n nínú ìwé ìwádìí tí mò ń kà, kò sẹ́ni tó ń jìn sí kòtò. Gbogbo àdìrò ló ń yege.

Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú òṣùwọ̀n wá, ẹ mú aṣèwọ̀n ooru, ẹ mú ẹ̀rọ tó ń wọn carbon monoxide, torí afẹ́fẹ́ yẹn kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ẹ fi ínṣì àti gééjì yàwòrán yín, bí wọ́n ṣe ń ta irin lọ́jà, kí ẹ sì kọ ojú ìwé méjì lédè Yorùbá tí jórinjórin lè lẹ̀ mọ́ ògiri. Àwọn ìyá tí ẹ bá dá dúró láti wọn nǹkan, ẹ san owó ọjọ́ wọn fún wọn, torí gàrí tí wọn kò yan lọ́jọ́ náà, wọn kò ní rí i tà lọ́jà ọjọ́ kejì. Irin àti iṣẹ́ jíjó wà lọ́rùn mi. Ẹ kàn sọ oṣù tí ẹ ń bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Jórinjórin kan tó ń rọ agbada gàrí